Ojú Irin Láti Kútọnù Dé Parakú: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́jọ

Ọjọ́ Kìn-ín-ní, Ajé. Ìbàdàn sí Kútọnù

Ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ni mo wọ̀ ní Mọníyà. Bọ́ọ̀sì ìbá ti gbé mi dé ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n torí reluwé ni mo ṣe gbéra nílé, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ táyà ni yóò kọ́kọ́ gbé mi. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó yìí ti ń kó èrò. Kìlómítà 157 ni. Ojú irin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, àlàfo tó wà láàárín irin ọ̀tún àti irin òsì sì jẹ́ mìlímítà 1,435. Ẹ bá mi fi iye yẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Mo ti rí awakọ̀ àjàgbé tó sùn sójú títì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan torí pé ọ̀nà ò ṣí. Mo ti rí ẹrù tó rà sínú kọ̀ǹténà kó tó jáde láàárín ìlú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ojú irin fi máa ń ká mi lára. Ìdí kejì ni ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì. Iṣu àti gaàrí ló ń tà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, reluwé ló sì ń gbé òun àti ẹrù rẹ̀ lọ sí Kútọnù. Títí ó fi kú sí Ìbàdàn, bó bá fẹ́ fi yé èèyàn pé nǹkan kan kò ní yẹ̀, ohun tó máa ń wí ni pé, "Ó dájú bí ọkọ̀ Parakú."

Ọkọ̀ Parakú kò sí mọ́. Mo fẹ́ tẹ̀lé ipa ọ̀nà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n fi ojú ara mi rí ohun tó kù, kí n sì mọ̀ bóyá ohun tó kù náà ṣì ṣeé kọ́ nǹkan lé lórí.

Ní Èkó, mo kúrò ní Èbúté Mẹ́ta lọ wọ Blue Line, reluwé ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ní ìdíkọ̀ National Theatre. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ó gbé wa dé Mile 2, ó sì parí síbẹ̀. Wọ́n ṣì ní láti nà án dé Òkòkómáìkò. Láti Mile 2 lọ, bọ́ọ̀sì ni, eruku ni, ìdádúró lórí ìdádúró ni títí dé ẹnubodè. Agogo mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí n tó wọ Kútọnù lórí zémìjàn, ọ̀kadà wọn. Èdè Fọ̀n ni orúkọ yẹn, ó túmọ̀ sí pé kó gbé mi kíákíá.

Ọjọ́ Kejì, Ìṣẹ́gun. Kútọnù

Ìdíkọ̀ ojú irin kò jìnnà sí ọjà Ganhi, kò sì jìnnà sí èbúté. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí láti etíkun ni àwọn Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin yìí ní ọdún 1900, kí ọkọ̀ òkun lè máa rí epo pupa àti èkùrọ́ gbé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi ipá kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, irin ti dé Ṣábẹ̀ẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 260 sí etíkun. Ó dúró síbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé Parakú láàárín àwọn ọdún 1930. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Ẹ̀ka kan tún gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Sakẹ́tẹ́ lọ sí Pobè, òmíràn gba Ouidah lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kìlómítà 578 ni, ní orílẹ̀-èdè tí kò tó ìdá mẹ́jọ Nàìjíríà ní fífẹ̀.

Koríko ti bo irin. Bàbá kan jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì kí i ní Yorùbá, mo rò pé ó lè jẹ́ ará Àjàṣẹ́. Sakẹ́tẹ́ ló ní òun ti wá. Ó bi mí ohun tí mò ń wá, mo sọ fún un. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n jókòó.

"Ṣé ẹ bá wọn ṣiṣẹ́ níbí rí ni, Bàbá?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ́ńjìnnì ni mò ń tún ṣe."

"Kí ló wá pa á?"

"Wọ́n á sọ fún ọ pé ogbó ni. Irọ́ ni, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì tó gbó, a máa ń yọ apá ara òkú ẹ̀ńjìnnì fi jí alààyè. Àìsí ẹrù ló pa á. Nígbà tí ẹrù wà, a kì í sùn."

Ó sọ ìtàn ẹrù náà fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun náà nígbà tó wọṣẹ́. Láwọn ọdún 1950, ẹ̀pà ilẹ̀ Nìjẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ọ̀nà Kánò sí Èkó ló sì máa ń gbà dé òkun. Àwọn Faransé kò fẹ́ kó máa gba ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọjá mọ́. Wọ́n ṣètò kan tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pè: ọkọ̀ ẹrù á kó ẹ̀pà láti Nìjẹ̀ wá sí Parakú, reluwé á gbé e láti Parakú wá sí Kútọnù, á sì kó epo, sìmẹ́ǹtì àti iyọ̀ padà lọ sókè. Ẹrù lọ, ẹrù bọ̀. Wágọ́nù kì í sáré lófìfo. Ní 1959, Dàhòmì àti Nìjẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ni, láti máa bójú tó ojú irin náà. Nígbà tí Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà yí padà di OCBN (Organisation Commune Bénin-Niger), orúkọ tí gbogbo àwọn tó dàgbà níbí mọ̀.

Mo bi Bàbá pé bí wọ́n bá fún un ní ẹ́ńjìnnì tuntun lónìí ńkọ́. Ó na ọwọ́ sí irin tó wà nínú koríko.

"Irin yìí tín-ín-rín. Ẹrù tí wọ́n ń dì sínú kọ̀ǹténà lóde òní, bí o bá gbé e lé e, á tẹ̀. Irin ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá pè mí." Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ èbúté. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí èbúté yìí. Àjàgbé tò lọ bẹẹrẹ, mo sì mọ ojú àwọn awakọ̀ wọn bí ẹni pé Àpápá ni mo wà. Èyí tó pọ̀ nínú ẹrù tó ń kọjá níbí láyé àtijọ́, Nìjẹ̀ ló ń lọ, torí Nìjẹ̀ kò ní òkun. Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀, ẹnubodè sì tì. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ padà gbà kí ẹrù máa kọjá, Nìjẹ̀ kò ṣí tirẹ̀. Epo rọ̀bì Nìjẹ̀ tilẹ̀ ti ní ọ̀nà tirẹ̀: ọ̀pá kan tó gùn tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà gbé e láti Agadem ní Nìjẹ̀ wá sí etíkun Ṣẹ̀mẹ̀, ọdún 2024 ni epo àkọ́kọ́ sì gba ibẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun. Ẹni bá ní òun fẹ́ jí ojú irin Kútọnù dìde torí ẹrù Nìjẹ̀ nìkan, kó kọ́kọ́ lọ wo Malanville, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀, ná.

Mi ò tíì lè sùn. Mò ń ro ọ̀rọ̀ àwọn tó ti gbìyànjú ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ Bolloré ti ilẹ̀ Faransé ní òun fẹ́ so Abidjan, Ouagadougou, Niamey àti Kútọnù pọ̀ bí òrùka, ojú irin tó sún mọ́ 3,000 kìlómítà. Ní oṣù Kẹrin 2014, wọ́n ṣí ìdíkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní Niamey, wọ́n sì tẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 140 láti ibẹ̀ dé Dosso. Ṣùgbọ́n Petrolin, ilé-iṣẹ́ Samuel Dossou-Aworet, oníṣòwò ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ní òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ilé ẹjọ́ ní Kútọnù sì dá iṣẹ́ Bolloré dúró ní oṣù Kọkànlá 2015. Ní 2018, Patrice Talon, tó jẹ́ Ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ní kí àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí, pé ojú irin tó dáa á gbà tó bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, pé àwọn ará Ṣáínà ló lágbára rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, koríko ló ń hù.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òrùka ni gbogbo wọn ń lé. Kò sẹ́ni tó dúró wo kìlómítà 438 tó ti wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Kẹta, Ọjọ́rú. Àjàṣẹ́, Sakẹ́tẹ́, Pobè

Mo yà lọ sí ẹ̀ka ìlà-oòrùn, torí ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo ibẹ̀, èdè mi sì tó mi lò. Ní àwọn ibì kan, irin ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní ibòmíràn, ilé ti jókòó lé e. Ní Pobè, àwọn ọ̀dọ́ tí mo bi léèrè ìdíkọ̀ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin wá sí ìlú wọn rí.

Lókè Pobè ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọ̀nígbóló wà, èyí tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ dá sílẹ̀ nígbà kan. Sìmẹ́ǹtì ni ẹrù tó wu reluwé jù láyé: ó wúwo, kì í bà jẹ́ kíákíá, ibì kan náà ló ti ń wá lójoojúmọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ará Tógò tó múlé tì wọ́n, ojú irin tó ń gbé fọ́sífétì láti Hahotoé lọ sí Kpémé létíkun kò kú bí àwọn yòókù ṣe kú, torí pé ẹrù kan wà tó nílò rẹ̀. Níbí, ọ̀nà ọ̀dà ni sìmẹ́ǹtì ń gbà, ọ̀nà náà sì ń fọ́.

Mo padà sí Kútọnù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Kútọnù sí Bohicon sí Ìdáàṣà

Wákàtí méjì ó lé la fi jáde kúrò ní Kútọnù, torí pé ọkọ̀ tó ń ti Abomey-Calavi bọ̀ dí ojú ọ̀nà pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ni, àwọn ọmọ yunifásítì ni, àwọn ìyá ọlọ́jà ni. Mo wò wọ́n, mo wá rí ohun tí mi ò rí nílé: bí ojú irin Bẹ̀nẹ̀ yóò bá tún kó èrò, àárín Àjàṣẹ́, Kútọnù, Calavi àti Pahou ni èrò wà, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Parakú lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè gbé ọkọ̀ dúró. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ lè gbé e dúró. Ohun tí mo rí lórí Blue Line lọ́jọ́ Ajé náà nìyẹn: kìlómítà mẹ́tàlá péré, ọkọ̀ sì kún fọ́fọ́.

Mo fẹ́ sọ èyí dáadáa, torí àwọn tó fẹ́ràn reluwé bíi tèmi kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Owó èrò kò lè tó tún irin ọ̀nà jíjìn ṣe. Ní ọ̀nà Abidjan sí Ouagadougou, tó lé ní kìlómítà 1,100, ẹrù ló ń bọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, èrò ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, ẹrù kò dúró. Ẹrù fún ọ̀nà jíjìn, èrò fún ìtòsí. Ẹni bá gbé e gba ibòmíràn, ìjọba ni yóò máa san ìyàtọ̀ owó rẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì ju ọdún díẹ̀ lọ kó tó rẹ ìjọba.

A kọjá agbègbè Glo-Djigbé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá láti ọdún 2020. Wọ́n fẹ́ kí òwú di aṣọ níbẹ̀, kí kajú di èyí tí wọ́n ti pa tí wọ́n sì ti yan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2024, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó kajú tútù jáde ní orílẹ̀-èdè náà mọ́. Ohun tó wá wú mi lórí ni pé òkè ni òwú àti kajú yẹn ti ń bọ̀, agbègbè Parakú àti òkè Parakú. Láyé àtijọ́, wọ́n ní ojú irin wà láìsí ilé-iṣẹ́. Nísinsìnyí, ilé-iṣẹ́ ti wà, irin ló ń hu koríko.

Bohicon jẹ́ ìlú tí reluwé sọ di ńlá. Àgbómẹ̀ ni ìlú ọba, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni irin gbà kọjá, ọjà sì tẹ̀lé irin. Lónìí, àwọn olórí ìsọ̀ ti gbé tábìlì wọn lé ojú irin gan-an. Ata wà láàárín irin méjèèjì. Mo ra ata wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ìyá kan, mo sì bi í pé bí ọkọ̀ bá dé ńkọ́. Ó ní òun á gbé ata òun kúrò, òun á sì tà fún àwọn inú ọkọ̀.

Ìdáàṣà láṣálẹ́. Òkúta ńláńlá káàkiri ìlú, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì. Èdè wọn sún mọ́ tèmi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé pé Faransé ni wọ́n fi kọ pátákó.

Ọjọ́ Karùn-ún, Ẹtì. Ìdáàṣà sí Glazoué sí Ṣábẹ̀ẹ́

Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ bàjẹ́ kí a tó dé Glazoué. Wákàtí mẹ́ta la lò lábẹ́ igi. Glazoué fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí Bohicon: ìdíkọ̀ ló bí ọjà, ọjà bí ìlú. Òkìtì iṣu, òkìtì ẹ̀wà, òkìtì àgbàdo, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ọkọ̀ ẹrù tí yóò gbé wọn lọ sí Kútọnù tàbí tí yóò gbà wọ́n wọ Nàìjíríà. Mo wọn ojú irin níbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n tí mo mú lọ́wọ́. Mítà kan géérégé. Tiwa tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ní Nàìjíríà jẹ́ mìlímítà 1,067, èyí tí àwọn ará Ṣáínà tẹ́ ní Ìbàdàn sì jẹ́ 1,435. Ọkọ̀ ojú irin kan kò lè rin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹnikẹ́ni bá máa so Kútọnù pọ̀ mọ́ Èkó lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni ìjà yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, a sọdá odò Ouémé, mo sì rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lókèèrè. Ìyá àgbà ti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi pé mo ti rí i rí.

Ọjọ́ Kẹfà, Àbámẹ́ta. Ṣábẹ̀ẹ́

Mo dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, àbúrò ìyá àgbà. Ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ki mí, ó ki ìyá mi, ó ki ìyá àgbà, ó sì bú sẹ́kún. Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí n jẹun. Iyán àti ọbẹ̀ tí wọ́n fi wàgàṣí, wàrà tiwọn, sí.

Mo ní kí ó sọ fún mi bí ọkọ̀ Parakú ṣe máa ń dé.

Ó ní ẹ ò tíì ní í rí i tí ẹ ó fi mọ̀, torí irin á kọ́kọ́ máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa fi etí lé irin. Bó bá dé, gbogbo obìnrin tó ní nǹkan tà á sáré lọ sójú fèrèsé: wàgàṣí, ẹyin sísè, iṣu díndín, omi. Kì í dúró pẹ́, o sì gbọ́dọ̀ gba owó kó tó ṣí. "Ìyá rẹ àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Ó máa ń di ọwọ́ oníbàárà mú títí yóò fi sanwó, bí ọkọ̀ bá ń rìn, òun náà á máa rìn." Àwọn tó ń lọ Kútọnù á di iṣu wọn sínú wágọ́nù ẹ̀yìn, àwọn fúnra wọn á wọ iwájú, odidi ọjọ́ ni ìrìn-àjò náà máa ń gbà. Owó rẹ̀ kéré. Ìyẹn ló tẹnu mọ́ jù: owó rẹ̀ kéré.

Àbúrò mi kan, ọmọ ọmọ Màmá, tó ń tún fóònù ṣe, mú mi lọ wo ibi tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí. Ó ti ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀. Mo wo ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Mo fi ẹsẹ̀ gbá koríko kúrò, mo rí irin.

"Àbúrò, ojú irin nìyí."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó ṣàlàyé fún mi láìbínú. Ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò rí ọkọ̀ rẹ̀ rí àfi nígbà tó wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí. Àwọn mìíràn ti kọ́lé síwájú síi, kò sẹ́ni tó mú wọn. "Ṣé kí n máa pa ebi mọ́nú de ohun tí ò ní í dé ni?"

Mi ò rí èsì gidi fún un lójú ẹsẹ̀, mi ò sì ní purọ́ pé mo rí. Ṣùgbọ́n Màmá ti jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, ó ti ń gbọ́ wa. Ó ní, "Ilẹ̀ ọkọ̀ ni. Mo ti sọ fún un. Ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n fi ipá kó lọ ru òkúta. Kò gba kọ́bọ̀. Ẹ ò ní kọ́ ìsọ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi."

Èmi wá sọ tèmi. Mo sọ fún un pé irin tó ti dípẹtà ṣeé pààrọ̀, owó rẹ̀ sì ṣeé yá. Ilẹ̀ tó ṣófo gbọọrọ láti Kútọnù dé Parakú, tí ó la àárín ìlú kọjá, òun ni kò ṣeé rí rà mọ́ bó bá bọ́. Ní Èkó, mo mọ ohun tí wíwó ilé kúrò lójú ọ̀nà ń náni, mo mọ ọdún tí ẹjọ́ rẹ̀ ń gbà, mo sì ti rí ojú àwọn tí wọ́n wó ilé wọn. Orílẹ̀-èdè kékeré kò lè san irú owó yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìjọba wọn kò bá tilẹ̀ tíì ní owó tí yóò fi tẹ́ irin tuntun, ó lè fi òpó àti òfin dáàbò bo ilẹ̀ náà lọ́dún yìí, kí ó sì wá ibòmíràn tó sún mọ́ èrò fún àwọn tó ti tẹ́ ọjà sórí rẹ̀. Ìyẹn ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ojú irin yìí, ó ju ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ.

Àbúrò mi gbọ́ mi dé òpin. Ó ní òun á rò ó.

Ọjọ́ Keje, Àìkú. Ṣábẹ̀ẹ́ sí Parakú

Kílíbò, Tuì, Tchaourou. Igi kajú lọ́tùn-ún lósì fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Irin ń yọjú, ó ń sá pamọ́, ó tún ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Parakú ni irin ti parí. Mo rìn dé ibi tó parí sí. Láti ibẹ̀ lọ sí Malanville létí odò Ọya, ó ju kìlómítà 300 lọ láìsí irin kankan, kó tó wá di Nìjẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo jókòó lórí òpin irin náà, mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò tí mo ti ń gbé kiri lórí láti Kútọnù.

Ní àsìkò òwú ọdún 2020 sí 2021, Bẹ̀nẹ̀ kórè òwú tó ju 700,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìdá kan péré nínú rẹ̀, 200,000 tọ́ọ̀nù, ká ní òun ni yóò wá sí Parakú kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Glo-Djigbé tàbí èbúté. Ká ní àjàgbé kan ń gbé 30 tọ́ọ̀nù: ó lé ní 6,600 ìrìn-àjò àjàgbé. Ká ní ọkọ̀ ojú irin kan fa wágọ́nù ogún, kí wágọ́nù kọ̀ọ̀kan gbé 40 tọ́ọ̀nù: ìrìn-àjò 250 péré ni, kò pé ọkọ̀ kan lójúmọ́. Kajú ń bẹ lẹ́yìn, sóyà ń bẹ, iṣu Glazoué ń bẹ. Bí ó bá ń padà bọ̀ sókè, ajílẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti epo bẹntiróòlù ń dúró dè é. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láìsí Nìjẹ̀. Bí Nìjẹ̀ bá wá ṣí ẹnubodè rẹ̀ lọ́la, èrè orí èrè nìyẹn.

Òwú fúyẹ́, mo mọ̀, wágọ́nù á ti kún kí ẹrù inú rẹ̀ tó wúwo bíi ti sìmẹ́ǹtì. Ojú irin kan ṣoṣo ló sì wà, ọkọ̀ méjì kò lè pàdé àfi níbi tí wọ́n bá là sí méjì. Ọkọ̀ bíi mẹ́ta lójúmọ́ ni yóò gbà láìsí wàhálà. Ó tó. Kò sẹ́ni tó ní kó dà bíi ti Ṣáínà. Ọ̀nà ọ̀dà yóò sinmi, awakọ̀ yóò dín àwọn òru tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ kù, ìyá oníṣu á sì lè fi apá kan owó ọkọ̀ rẹ̀ ra ìwé fún ọmọ.

Ọjà Arzèkè ti ń pa fìtílà nígbà tí mo padà sí ilé àlejò.

Ọjọ́ Kẹjọ, Ajé. Parakú sí Ṣábẹ̀ẹ́

Ní kùtù òwúrọ̀ ni mo wọ ọkọ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì ń ka àjàgbé tó ń gbé òwú lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé ogójì, mo jáwọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti dágbére fún Màmá. Ó ti di wàgàṣí sínú ewé fún ìyá mi, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnubodè. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n tẹ̀lé òun.

Àbúrò mi ti hú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bíi ogún ìṣísẹ̀ sí ojú irin, níbi tí ilẹ̀ ti kéré tí oòrùn sì ń pa. Ó ń gbẹ́ ihò tuntun. Ó rí mi, ó juwọ́, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Níbi tó ti kúrò, ẹnìkan ti kó búlọ́ọ̀kù sí i.